Ẹ Má Ṣe Jẹ́ Kí Ọjọ́ Kọjá Lórí Ẹ̀tọ́ Yín

Ọ̀rọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé àgbà ní Bassila àti Manigri

Ẹ ti kọ́ bí a ti ń ka ìwé, ẹ sì ti kọ́ bí a ti ń kọ nọ́ńbà. Lónìí, a fẹ́ fi nọ́ńbà náà ṣe iṣẹ́ kan. A fẹ́ fi ka ọjọ́. Kì í ṣe ọjọ́ ọjà, kì í sì í ṣe ọjọ́ òjò. Ọjọ́ tí òfin fún wa láti gbé ẹjọ́ wa lọ sí ilé ẹjọ́ ni.

Ẹ gbọ́ o. Ohun kan lè jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ, kí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ẹ̀tọ́ rẹ ni, síbẹ̀ kí ilé ẹjọ́ sọ fún ọ pé, "O pẹ́ jù." Wọn kò ní sọ pé o purọ́. Wọn kò ní sọ pé ẹni tí ó jẹ ọ́ lówó kò jẹ ọ́. Ọjọ́ ni wọn yóò wò. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, wọn yóò pa ìwé rẹ dé, ìwọ yóò sì padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan bẹ̀rẹ̀.

Àgbẹ̀ àti oníṣòwò kajú

Ká sọ pé àgbẹ̀ kan wà ní Manigri. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ó ta àpò kajú 10 fún oníṣòwò kan. Owó rẹ̀ jẹ́ 280.000 fránkì. Oníṣòwò náà ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, n kò ní owó lọ́wọ́ báyìí. Bí mo bá ta ọjà yìí tán, ma san án fún yín. Ní ìparí oṣù karùn-ún, ẹ ó gba owó yín." Àgbẹ̀ náà gbà. Ó mọ ilé ọkùnrin náà. Ó mọ ìyàwó rẹ̀. Kò béèrè ìwé kankan.

Oṣù karùn-ún dé, owó kò dé. Àgbẹ̀ náà ránṣẹ́. Oníṣòwò ní, "Ẹ ṣe sùúrù." Ní ọdún 2020, ó tún ránṣẹ́. Ní ọdún 2021, wọ́n pàdé níbi ìsìnkú kan, wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín. Ojú ń ti àgbẹ̀ náà láti sọ ọ̀rọ̀ owó níbẹ̀. Báyìí ni ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tí ó di ọdún 2025, ọmọ àgbẹ̀ náà ń ṣàìsàn, owó ilé ìwòsàn pọ̀, bàbá náà sì lọ bá oníṣòwò náà gidi. Oníṣòwò wò ó lójú, ó ní, "Gbèsè wo?"

Inú bí àgbẹ̀ náà. Ó ní òun yóò lọ sí ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ọdún 5 ni òfin fún un, a ó sì rí ìdí rẹ̀ níwájú. Bí a bá kà á láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2019, ó parí ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2024. Bí oníṣòwò náà bá dìde níwájú adájọ́, tí ó sì sọ pé ọjọ́ ti kọjá, ẹjọ́ náà bọ́ nìyẹn. Àpò kajú 10 ti lọ.

Ta ni ó jẹ̀bi? Oníṣòwò ni, ta ni yóò sọ pé kì í ṣe òun? Ṣùgbọ́n ta ni ó pàdánù? Àgbẹ̀ ni.

Òwe wa àti òfin ìjọba

Àwọn baba wa sọ pé, "Bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a." Òwe náà dára. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Ní ilé ẹjọ́, òtítọ́ tí ó bá pẹ́ lójú ọ̀nà lè má rí ìjókòó mọ́.

Wọ́n tún sọ pé, "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́." Òwe yìí ni ó ń dá ọ̀pọ̀ nínú wa dúró. A kò fẹ́ ba ìdílé jẹ́. A kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé a mú ẹbí lọ bá ọlọ́pàá. Nítorí náà a dákẹ́, a ń retí pé ọ̀rọ̀ yóò tún ara rẹ̀ ṣe.

Òwe kẹta wà tí a kì í sábà rántí: "Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko." Bí olóko kò bá tètè pariwo, olè ni yóò kọ́kọ́ pariwo lé e lórí. Òwe yìí ni òfin bá mu jù lọ.

Kí ló dé tí òfin fi ń ka ọjọ́?

Ẹlòmíràn yóò bínú, yóò ní, "Òfin olówó ni èyí." Ẹ jẹ́ kí a rò ó dáadáa.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ẹlẹ́rìí ti kú, tàbí ó ti lọ sí Nàìjíríà. Ẹni tí ó kù ti gbàgbé bóyá ọjọ́ ọjà ni nǹkan náà ṣẹlẹ̀ tàbí ọjọ́ kejì rẹ̀. Ikán ti jẹ ìwé. Báwo ni adájọ́ yóò ṣe mọ òtítọ́? Ó lè ṣe àṣìṣe kí ó dá ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ lẹ́bi. Ìdí kìíní nìyẹn.

Ìdí kejì ni pé kò yẹ kí ẹrù ẹjọ́ wà lórí ènìyàn títí ayé. Kí a má ṣe fi ọ̀rọ̀ baba bá ọmọ ọmọ jà. Òfin fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ní òpin, kí ìlú lè sinmi.

Òfin náà dáàbò bo ìwọ pẹ̀lú. Bí ẹnìkan bá jí dìde lónìí, tí ó ní o jẹ òun ní owó ọjà láti ọdún 15 sẹ́yìn, ìwọ náà lè sọ pé ọjọ́ ti kọjá.

Ẹ̀sùn ọ̀daràn: ọdún 10, ọdún 3, ọdún 1

Ẹ mú pẹ́ńsù yín. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́ta yìí sílẹ̀: 10, 3, 1.

Ní ilẹ̀ Benin, òfin tí ó sọ bí a ti ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn ni òfin nọ́ńbà 2012-15 ti ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2013. Ó pín ẹ̀ṣẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta. Orúkọ Faransé ni ẹ ó rí lórí ìwé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ojú yín mọ̀ ọ́n.

Èkíní ni *crime*. Èyí ni ẹ̀ṣẹ̀ ńlá: ìpànìyàn, ìdigunjalè, ìfipábánilòpọ̀. Ọdún 10 ni òfin fi sílẹ̀ fún un.

Èkejì ni *délit*. Èyí ni ẹ̀ṣẹ̀ àárín: olè jíjà, gbájú-ẹ̀, kí a fi ohun pamọ́ sí ẹnìkan lọ́wọ́ kí ó jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí a lu ènìyàn ní ìlùkulù. Ọdún 3 péré ni.

Ẹ̀kẹta ni *contravention*. Èyí ni ẹ̀ṣẹ̀ kékeré tí a ń fi owó ìtanràn parí, bí ẹni tí ó ń pariwo lóru tí kò jẹ́ kí àdúgbò sùn. Ọdún 1 ni.

Láti ọjọ́ wo ni a ń kà? Láti ọjọ́ tí wọ́n dá ẹ̀ṣẹ̀ náà ni.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Wọ́n jí alùpùpù ẹnìkan ní Bassila ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 2023. Olè jíjà ni. Ọdún 3 ni. Bí kò bá sí ohun tí ọlọ́pàá tàbí ilé ẹjọ́ ṣe lórí rẹ̀ rárá, ọjọ́ parí ní oṣù kejì ọdún 2026. Lẹ́yìn náà, bí o tilẹ̀ rí olè náà lórí alùpùpù rẹ ní ọjà, a kò lè fi ẹ̀sùn olè náà ti í mọ́ ẹ̀wọ̀n.

Ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá bá ṣe ìwádìí, tí wọ́n sì kọ ìwé ìwádìí náà, kíkà yẹn já. Òfin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún 3 mìíràn láti ọjọ́ ìwé náà. Ìwé náà ni wọ́n ń pè ní *procès-verbal*. Pé-vé ni àwọn ènìyàn ń pè é lẹ́nu. Bí wọ́n bá kọ pé-vé lórí alùpùpù náà ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 2024, a ó tún kà á di oṣù kẹta ọdún 2027.

Ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa. Kí o kàn lọ sọ ọ̀rọ̀ fún ọlọ́pàá kan lábẹ́ igi, kí ó ní, "Mo ti gbọ́," kò tó. Béèrè pé, "Ṣé ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀? Ọjọ́ wo ni ẹ kọ ọ́? Nọ́ńbà wo ni ó ní?" Kí o sì kọ ìdáhùn sínú ìwé tìrẹ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó wúwo, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Nígbà mìíràn wọ́n fi ipá bá ọmọbìnrin lòpọ̀, ìdílé méjèèjì yóò sì jókòó, wọn yóò mú ewúrẹ́ àti owó wá, wọn yóò ní ọ̀rọ̀ ti tán. Ọ̀rọ̀ kò tán o. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. Ìjọba ni ó ni ẹjọ́ náà, kì í ṣe ìdílé. Àdéhùn ilé kò pa á. Ṣùgbọ́n àdéhùn ilé kò dá ọjọ́ dúró pẹ̀lú. Bí ẹ ti ń jókòó, bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni àmì tí dókítà ìbá rí lára ọmọ náà ń parẹ́. Ọjọ́ kìíní ni kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àti sí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá.

Àwọn òfin pàtàkì kan tún wà tí ó ní kíkà tirẹ̀ fún àwọn ẹ̀ṣẹ̀ kan. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fúnra rẹ̀ dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́ nílé pé, "Ó ti pẹ́ jù." Kí ó lọ béèrè. Ilé ẹjọ́ ni yóò sọ.

Ẹjọ́ owó: ta ni ó ta, ta ni ó rà?

Ẹjọ́ owó yàtọ̀ sí ẹjọ́ ọ̀daràn. Níbí, a kò wá ẹni tí a ó tì mọ́lé. Owó wa ni a ń wá. Kí a tó mọ iye ọdún, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè pé: ṣé oníṣòwò wà nínú ọ̀rọ̀ náà?

Bí oníṣòwò bá wà níbẹ̀, tí gbèsè náà sì ti inú òwò rẹ̀ wá, ọdún 5 ni. Bóyá oníṣòwò àti oníṣòwò ni, bóyá oníṣòwò àti àgbẹ̀ ni. Òfin yìí kì í ṣe ti Benin nìkan. Ti OHADA ni. OHADA ni ẹgbẹ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè dá sílẹ̀ nípa ìwé àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Port-Louis ní ọdún 1993, kí òfin òwò lè jẹ́ ọ̀kan náà. Orílẹ̀-èdè 17 ni ó wà nínú rẹ̀. Benin wà níbẹ̀, Togo wà níbẹ̀, Niger wà níbẹ̀, Burkina Faso wà níbẹ̀. Òfin òwò tí a ń lò báyìí, Lomé ni wọ́n ti ṣe é ní oṣù kejìlá ọdún 2010, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 2011. Nítorí náà, bí ẹ bá ta kajú fún oníṣòwò láti Kambolé tàbí Sokodé lọ́hùn-ún ní Togo, ọdún 5 kan náà ni.

Bí oníṣòwò bá ta ọjà fún oníṣòwò ẹgbẹ́ rẹ̀, ọdún 2 péré ni òfin kan náà fún un. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ra iṣu àti òrí lọ́pọ̀ láti tà fún àwọn oníṣòwò ẹgbẹ́ yín, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ọdún 2 kò pẹ́.

Bí kò bá sí oníṣòwò nínú ọ̀rọ̀ náà ńkọ́? Bí àpẹẹrẹ, o yá aládùúgbò rẹ lówó kí ó fi sin òkú bàbá rẹ̀. Òfin àtijọ́ tí a jogún láti ọwọ́ Faransé ni a ń lò níbẹ̀, ọdún 30 ni ó sì sọ. Òfin náà kò sì ka ọjọ́ yìí lé ọmọdé lórí nígbà tí kò tíì dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí 30 yìí mú yín sùn. Ogún ọdún ń bọ̀ wá dọ̀la. Bí òfin tilẹ̀ gbà ọ́ láàyè, ta ni yóò jẹ́rìí fún ọ lẹ́yìn ọdún 25?

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òfin ibẹ̀ yàtọ̀. Nàìjíríà kò sí nínú OHADA. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún 6 ni fún gbèsè tí ó wá láti inú àdéhùn, ọdún 12 sì ni fún ẹjọ́ ilẹ̀. Ibi tí o wà ni kí o ti béèrè òfin ibẹ̀.

Ẹrù tí a fi sínú ọkọ̀

Ọ̀nà ńlá gba ìlú wa kọjá, ó ti Savalou wá, ó ń lọ sí Djougou. Lójoojúmọ́ ni iṣu àti kajú ń bọ́ sínú ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Cotonou. Bí ẹrù bá bàjẹ́ lọ́nà, tàbí tí ó dín, ọjọ́ tirẹ̀ kúrú gan-an ni. Òfin OHADA lórí ẹrù ọkọ̀, tí wọ́n ṣe ní Yaoundé ní ọdún 2003, sọ báyìí:

Bí ojú bá rí i pé ẹrù bàjẹ́ tàbí pé ó dín, kí ẹni tí ó gbà á kọ ìwé sí ọlọ́kọ̀, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ iṣẹ́ kìíní tí ó tẹ̀ lé ọjọ́ tí ẹrù dé.

Bí ojú kò bá rí i, bí àpò tí ó gbẹ lóde ṣùgbọ́n tí kajú inú rẹ̀ ti rin, kí a kọ ìwé náà láàárín ọjọ́ 7.

Ìwé tí a fi ń béèrè owó ìbàjẹ́ náà gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ọlọ́kọ̀ láàárín ọjọ́ 60 lẹ́yìn tí ẹrù dé. Bí kò bá sí ìwé yìí, ilé ẹjọ́ kò ní gba ẹjọ́ rẹ rárá.

Ẹjọ́ fúnra rẹ̀, ọdún 1 ni. Bí ó bá ṣe pé ọlọ́kọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe iṣẹ́ ibi náà ni, ó di ọdún 3.

Ẹ wò ó: wọ́n ní "kọ ìwé". Wọn kò ní "pariwo ní gáráàjì". Èyí ni ó mú kí ilé-ìwé yìí jẹ́ owó lápò yín.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀

Ilẹ̀ ní òfin tirẹ̀, nọ́ńbà 2013-01 ti ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013. N kò ní lè sọ gbogbo rẹ̀ lónìí. Ohun kan ni kí ẹ mú lọ sílé. Bí ẹnìkan bá wà lórí ilẹ̀ tí kò ní ìwé ìjọba, tí ó ń lò ó ní gbangba, láìsí ìjà, bí olóhun, tí ẹnikẹ́ni kò sì bá a sọ̀rọ̀ fún iye ọdún tí òfin kà, ó lè dìde sọ pé ilẹ̀ ti di tòun. Ẹni tí ó yá ilẹ̀ dá oko kò lè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé lábẹ́ onílẹ̀ ni ó wà. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé yíyá ni ó yá a? Ìwé ni yóò sọ.

Àwọn àgbà wa mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi ń sọ fún àlejò pé, "Gbin iṣu, gbin àgbàdo, ṣùgbọ́n má gbin igi." Igi a máa pẹ́ nílẹ̀, a sì máa jẹ́rìí fún ẹni tí ó gbìn ín. Lónìí, kajú ni igi tí gbogbo ènìyàn ń gbìn. Bí o bá rí kajú tuntun lórí ilẹ̀ rẹ, tí ìwọ kò fún ẹnikẹ́ni láyè, má dúró di ìgbà tí yóò so.

Kí ni ó lè dá ọjọ́ dúró?

Èyí ni apá tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ mi, nítorí ó lè gba owó yín là.

Kí o máa rán ẹni tí ó jẹ ọ́ létí kò dá ọjọ́ dúró. Kí o máa ránṣẹ́ kò dá a dúró. Kí o máa bínú kò dá a dúró.

Ohun mẹ́ta ni ó ń ran ọ́ lọ́wọ́ nínú ẹjọ́ òwò.

Èkíní: kí ẹni tí ó jẹ gbèsè fúnra rẹ̀ gbà pé òun jẹ ẹ́. Bí ó bá kọ ìwé lónìí pé, "Mo ṣì jẹ bàbá yìí ní 280.000 fránkì," kíkà àtijọ́ já, tuntun sì bẹ̀rẹ̀ láti òní. Bí ó bá san díẹ̀ nínú rẹ̀, tí ó sì fọwọ́ sí i pé ìyókù ṣì kù, bákan náà ni. Ká ní àgbẹ̀ wa ti Manigri ti gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2021 níbi ìsìnkú yẹn ni, ọjọ́ rẹ̀ ìbá gùn dé ọdún 2026.

Èkejì: ìlàjà. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá fẹnu kò pé kí àwọn àgbà bá yín parí ọ̀rọ̀, òfin òwò OHADA dá kíkà dúró láti ọjọ́ tí ẹ fẹnu kò, tàbí láti ọjọ́ ìjókòó kìíní. Bí ìlàjà bá fọ́, kíkà yóò tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí yóò kù fún ọ kò gbọdọ̀ dín sí oṣù 6. Nítorí náà, bí ẹ bá jókòó lọ́dọ̀ ọba tàbí lọ́dọ̀ olórí àdúgbò, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ àwọn tí ó wà níbẹ̀, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Ẹ rántí pé ọ̀rọ̀ òwò ni mo ń sọ. Fún ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn, ìjókòó àwọn àgbà kò dá nǹkankan dúró.

Ẹ̀kẹta: kí o gbé ẹjọ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́ kí ọjọ́ tó pé. Fún wa ní Bassila, Djougou ni ilé ẹjọ́ náà wà. Kì í ṣe ọjọ́ tí adájọ́ yóò dájọ́ ni a ń wò. Ọjọ́ tí o gbé ẹjọ́ wá ni. Bí o bá gbé e wá lónìí tí ọjọ́ ku ọ̀la, o ṣì wà láàárín àkókò. Ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í dúró di ọjọ́ ìkẹyìn. Ọkọ̀ lè bàjẹ́ lọ́nà Djougou.

Fún ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2018, àwọn ọlọ́pàá àti jàndáámù ti di ọ̀kan, wọ́n ń jẹ́ Police Républicaine. Bí ó bá wù yín, ẹ lè kọ ìwé ẹ̀sùn tààrà sí agbẹjọ́rò ìjọba ní ilé ẹjọ́ Djougou. *Procureur* ni ẹ ó kọ sí orí ìwé náà.

Ẹ̀ṣẹ̀ tí ọjọ́ kì í kọjá lórí rẹ̀

Ẹnìkan lè béèrè pé, "Ṣé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó burú tó bẹ́ẹ̀ tí ọjọ́ kò ní kọjá lórí rẹ̀ láé?" Ó wà. Ní ọdún 1968, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe àdéhùn kan pé kí ọjọ́ má ṣe kọjá lórí ìwà ọ̀daràn sí ọmọ ènìyàn àti ìparun ẹ̀yà.

Hissène Habré jẹ́ olórí orílẹ̀-èdè Chad láti ọdún 1982 títí di ọdún 1990. Lábẹ́ ìjọba rẹ̀ ni wọ́n ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí wọ́n sì fìyà jẹ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀wọ̀n. Nígbà tí wọ́n lé e, ó sá lọ sí Dakar. Àwọn tí ó bọ́ lọ́wọ́ ikú kò dákẹ́. Wọ́n kó ìwé jọ, wọ́n kọ orúkọ àwọn òkú sílẹ̀, wọ́n sì gbé ẹ̀sùn wá sí Dakar ní ọdún 2000. Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 2016, ilé ẹjọ́ pàtàkì kan ní Dakar dá a lẹ́bi, ó sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n títí ayé. Ó ti lé ní ọdún 25 tí ó ti kúrò lórí oyè.

Ẹ rí i? Ọjọ́ kò kọjá lórí ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹ́gun níbẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn náà kọ nǹkan sílẹ̀, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa kì í sábà jẹ́ irú ìyẹn. Olè tí ó jí alùpùpù kì í ṣe Habré. Ọdún 3 ni tirẹ̀.

Ohun tí ẹ ó ṣe láti òní lọ

Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ó jẹ́ ti ọ̀rọ̀ owó àti ẹjọ́ nìkan. Ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí ikán kò ní dé.

Bí ẹ bá ta ọjà láwìn, ẹ kọ orúkọ ẹni náà, iye owó, ọjọ́ tí ó gbé ọjà, àti ọjọ́ tí ó ní òun yóò san. Kí ó fọwọ́ sí i. Bí kò bá mọ̀wé, kí ó tẹ ìka, kí ẹlẹ́rìí méjì sì fọwọ́ sí i.

Lábẹ́ rẹ̀, ẹ fi pẹ́ńsù pupa kọ ọjọ́ tí òfin yóò parí. Oníṣòwò sí oníṣòwò, ẹ fi 2 kún ọdún. Àgbẹ̀ sí oníṣòwò, ẹ fi 5 kún un.

Bí ó bá ku ọdún kan kí ọjọ́ náà pé, ẹ lọ bá ẹni náà kí ó kọ ìwé tuntun. Bí ó bá kọ̀, ẹ má ṣe jà. Ẹ mú ìwé yín, kí ẹ gba ọ̀nà Djougou.

Ẹni tí ó jẹ gbèsè gidi, tí ó sì jẹ́ ọmọlúàbí, kò ní bínú pé o ní kí òun kọ ìwé. Ẹni tí ó bá bínú ti sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ fún ọ láìpẹ́. Ó sàn kí o mọ̀ ọ́n ní ọdún kìíní ju kí o mọ̀ ọ́n ní ọdún kẹfà lọ.

Ẹ jẹ́ kí a jọ dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí kí a tó túká.

Ìbéèrè fún kíláàsì

1. Wọ́n jí ewúrẹ́ ẹnìkan ní Penessoulou ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Kò sí ẹni tí ó kọ pé-vé. Ní oṣù wo, ọdún wo, ni ọjọ́ yóò parí?

2. Ìyá kan tí ó ń ṣòwò òrí tà á fún oníṣòwò mìíràn láwìn. Ọjọ́ ìsanwó ni ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2025. Ọdún mélòó ni òfin fún un? Kọ ọjọ́ tí ó parí.

3. Iṣu rẹ dé Cotonou ní ọjọ́ Ẹtì, ìdajì rẹ̀ sì ti fọ́. Kí ni kí ẹni tí ó gbà á ṣe, ọjọ́ wo sì ni?

4. Ẹ̀yin àti ẹni tí ó jẹ yín lówó ọjà jókòó lọ́dọ̀ ọba. Ohun mẹ́ta wo ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀ kí ẹ tó dìde?

5. Kọ ìwé gbèsè kan sínú ìwé rẹ, bí ẹni pé ìwọ ni àgbẹ̀ Manigri, ní oṣù kẹta ọdún 2019.